Ìbúra Lórí Jíà Ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju èémí kan lọ. Ọjọ́rú ni Mithqal sọ ọ́, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bayader, tí ife tíì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí sípánà wà ní tòsì. Kí tíì náà tó tutù, gbogbo òpópónà àwọn mẹkáníìkì ti gbọ́ ọ.

Abu Sakhr ló fà á. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ dojú kọ ti Mithqal, ogún ọdún sì ni wọ́n ti jọ ń bú ara wọn láràárọ̀, tí wọ́n jọ ń mu tíì lé e. Iṣẹ́ jíà ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ìyẹn ìkòkò irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kò bára mu. Jíà tó bá ọkọ̀ wáyé a máa fi gbogbo agbára fún táyà tó bá ń yọ̀, kí èyí tó di ilẹ̀ mú máa wòran. Bí awakọ̀ eré ìje bá gbé irú rẹ̀ wá fún Abu Sakhr, yóò tú u, yóò fi iná wẹ́dà lẹ àwọn eyín inú rẹ̀ pọ̀ gbagidi, ó parí. Táyà méjèèjì yóò máa yí bí ẹlẹ́wọ̀n méjì tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kan dè. Ìwà ọ̀bùn ni Mithqal ka ìyẹn sí. Lójú tirẹ̀, jíà mìíràn tó lágbára ni kí èèyàn wá, irú èyí tí awo irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì yàtọ̀ díẹ̀ ní kọ́nà, ṣùgbọ́n tó ń di èyí tó bá fẹ́ sá lọ mú.

Lórí jáàkì ní ṣọ́ọ̀bù Mithqal lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ eré ìje funfun kan wà níbẹ̀, onílẹ̀kùn méjì, ará Japan, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ghaleb, àbúrò ìyàwó Mithqal, ló ni ín. Ghaleb ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi èyí tó lágbára tó ìlọ́po méjì rọ́pò. Láti ìgbà náà, jíà ẹ̀yìn kékeré inú rẹ̀ ti fọ́ eyín lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìdíje gígun òkè Rumman yóò wáyé. Nílẹ̀, lórí páálí, jíà ńlá tí Mithqal lọ ṣà wá láti inú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n gé sí méjì fún títà ní Zarqa jókòó síbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó tóbi ju ti Ghaleb lọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé.

"Abu Jarrah," ni Abu Sakhr wí. Bàbá Jarrah nìyẹn; orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo òpópónà fi ń pe Mithqal. "Kí lo gbé wálé yìí? Orí màlúù ni àbí jíà?"

"Orí tìrẹ ni. Ibi tí o gbàgbé rẹ̀ sí ni mo ti rí i."

Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abu Sakhr náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún àga rẹ̀ mọ́ iwájú.

"Kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn. Bó bá sì wọ̀ ọ́, kò ní dé kọ́nà kẹta tí yóò fi tú ìfun sílẹ̀. Jẹ́ kí n bá ọmọ yẹn lẹ èyí tó wà níbẹ̀. Wákàtí méjì péré, kí kálukú máa lọ sílé."

"Ìwọ tí o ń lẹ jíà bí ẹni ń lẹ bàtà?"

"Bàtà tí mo bá lẹ̀ kì í já. Ìwọ ńkọ́? O ti dàgbà, arákùnrin. Ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n. Lánàá mo rí ọ níbi tí o ti ń wá sípánà kiri, sípánà náà sì wà lápò rẹ."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, nítorí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mithqal dìde. Ó na sípánà sí ọkọ̀ funfun náà.

"Gbogbo yín, ẹ gbọ́. Kí ìyàwó mi di ẹni ìkọ̀sílẹ̀ bí ọkọ̀ yìí kò bá gun Rumman dé orí òkè ní Jímọ̀, nínú ìdíje, pẹ̀lú jíà yìí, tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi tò, láìgba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!"

Ẹ̀rín dá bí ìgbà tí èèyàn pa rédíò.

Irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní òpópónà yẹn. Ọkùnrin a máa fi ìyàwó rẹ̀ búra kí àlejò lè jẹun sí i, a máa fi búra pé òun kò ní gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n ń tu ú dànù bí kóró ólífì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tu ú bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ṣì ní ìkọ̀sílẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó kù lápò. Ti Mithqal ku ẹyọ kan: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọkùnrin lè kọ ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ìkẹta kò sí gbígbà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ Wisal ìyàwó rẹ̀ rí, nínú ìbínú, ẹnu sí ẹnu: lẹ́ẹ̀kan ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló gbà á padà kí oṣù mẹ́ta ìdúró tó pé, wọ́n sì kọ méjèèjì sínú ìwé níwájú adájọ́. Ní ìgbà kejì, adájọ́ na ìka kan sókè. "Ọ̀kan ló kù fún ọ. Èyí kò ní ìpadàbọ̀."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Abu Sakhr gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Abu Jarrah, gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo ní gbé e mì. Mo tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ sípánà. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n."

"Lọ máa lẹ bàtà rẹ."

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mithqal le koko bí ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó sì ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nílé, ó jẹun, ó kírun, ó sùn. Kò sọ nǹkan kan fún Wisal.

Ní Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀, iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ti tú jíà kékeré sílẹ̀. Ó ti ṣí èyí tó tóbi wò, ó ka awo inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ nù wọ́n, ó tò wọ́n padà, wọ́n sì nípọn tó. Bọ́ọ̀tì iwájú méjì wọ ojú ihò wọn. Ti ẹ̀yìn fi ìbú ìka kan yẹ̀, nítorí náà ó gé irin tó nípọn, ó lu ihò tuntun, ó fi gbé jíà náà kọ́. Ó ṣe é láìkánjú, láìṣe àṣìṣe kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ìgbà tó kan sháfùtì kéékèèké méjì tó ń ti inú jíà lọ sí táyà ni nǹkan yí padà.

Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń di sháfùtì kọ̀ọ̀kan mú nínú jíà. Bí sháfùtì bá wọlé tán, òrùka náà yóò là sínú kòtò rẹ̀, yóò dún "kọ́!", kò sì ní jáde mọ́ àfi bí èèyàn bá fi irin yọ ọ́. Ti ọ̀tún dún. Ti òsì wọlé láìdún. Mithqal yọ ọ́ wò. Òrùka òsì ti gbó, ó ti sún kì, kò ní ipá láti là mọ́.

Òrùka bẹ́ẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òfin tí Mithqal fúnra rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn láti ogún ọdún nìyí: bí o bá yọ òrùka, jù ú nù. Ṣùgbọ́n agogo méjì ọ̀sán ti lù, Ọjọ́bọ̀ sì ni. Àwọn ọlọ́jà Zarqa ti ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi Jímọ̀ títí di ọjọ́ Sátidé. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí òrùka tuntun wà. Ní ojú fèrèsé Abu Sakhr, páànù tí wọ́n fi ń ta háláwà, ìpápánu aládùn, wà níbẹ̀, ó kún fún òrùka tuntun oríṣiríṣi. Gbogbo òpópónà ló ń mú níbẹ̀. Èèyàn kàn ń sọdá, á ní "Abu Sakhr, fún mi lọ́kan," á sì mú un.

Ogún ìṣísẹ̀ ni. Mithqal dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo páànù náà. Láìgba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti sọ ọ́. Bó bá gba òrùka kan péré lọ́wọ́ Abu Sakhr, ṣé ìbúra kò tíì já nìyẹn? Àti pé, ojú wo ni yóò fi wò ó? Abu Sakhr jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà ń wo Mithqal, bí ẹni pé ó ń dúró kí wọ́n bèèrè nǹkan lọ́wọ́ òun.

Mithqal yí padà wọlé. Ó fi ẹ̀mú fẹ òrùka àtijọ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jọ èyí tó lágbára. Ó dá sháfùtì padà. Ó dún díẹ̀, bí ẹni tó fi èékánná kan igi. Ó fà á. Kò jáde. Ó tún fà á. Kò jáde.

"Ó dì í mú," ló sọ fún ara rẹ̀ sókè. Bí kò bá sí iyèméjì, kì bá tí sọ ọ́ sókè.

Bó ti ń nu ọwọ́ ni Wisal dé. Obìnrin kì í sábà gba òpópónà yẹn kọjá. Gbogbo òòlù tó ń dún dákẹ́ bó ti ń bọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí òpópónà títí dé iwájú Mithqal. Kò gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń fi ránṣẹ́ nígbà mìíràn. Báàgì rẹ̀ nìkan ló gbé.

"Abu Jarrah. Òótọ́ ni?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọkùnrin tó ń ta ewébẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó bá mi kẹ́dùn kí n tó mọ̀ pé nǹkan ṣe mí. Ó fi tòmátì méjì kún un fún mi."

"Wisal, jókòó."

"Mi ò wá jókòó. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà nílé rẹ. Bí wọ́n bá gbé mi lé nǹkan kan lórí, ó yẹ kí n wá wo nǹkan náà." Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Èyí ni?"

"Òun ni."

"Irin yìí?"

"Irin tó dára ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dára. Ṣé ó máa dúró?"

"Ó máa dúró."

Ó dìde, ó wò ó. Mithqal ń wo àkísà ọwọ́ rẹ̀.

"Ghaleb mọ̀?"

"Gbogbo Bayader ló mọ̀."

"Nígbà náà, kò sí ohun tó máa dá Ghaleb dúró lórí òkè yẹn lọ́la," ni Wisal wí. "Bí táyà kan bá yọ, á fi mẹ́ta gùn ún. Nítorí mi. Ṣé o ro ìyẹn kí o tó ya ẹnu?"

Mithqal kò rò ó. Wisal gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká, ó gba ọ̀nà tó gbà wá padà. Àwọn òòlù kò tún dún títí ó fi kọjá tán.

Ogójì ọkọ̀ ló wá sí ìsàlẹ̀ Rumman láàárọ̀ Jímọ̀. Èéfín ẹran yíyan ti gba ẹ̀gbẹ́ òkè, àwọn ìdílé ti tẹ́ ẹní sábẹ́ igi páìnì láti wòran. Wisal àti bàbá rẹ̀ wà láàárín wọn. Ní pápá eléruku tó wà lẹ́yìn ibi ìbẹ̀rẹ̀, Ghaleb ń wa ọkọ̀ funfun náà yípo bí ẹni ń kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sílẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, nítorí awo inú irú jíà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara ra ara wọn kí a tó fi ipá bá wọn lò. Mithqal dúró, ó ń fetí sílẹ̀. Jíà náà ń ṣiṣẹ́. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ń fọ́n eruku dọ́gbadọ́gba. Ẹnìkan nínú àwọn tó ń wòran sọ pé, "Ẹ wo bó ṣe ń ta!" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú, ọkàn Mithqal rọ̀ díẹ̀.

Ghaleb dúró. Mithqal dùbúlẹ̀ sínú eruku, ó wo abẹ́ ọkọ̀.

Òróró ti rin etí jíà lápá òsì. Sháfùtì òsì ti yọ síta. Ibi tó ń dán lára rẹ̀, tí kò yẹ kí ojú rí, ti hàn, ó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ó fi irin tì í padà, ó wọlé láìdún. Ó fi ọwọ́ lásán fà á, ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wo irin náà. Gbohùngbohùn ń pe nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni ti Ghaleb. Lẹ́yìn náà ni ó yọ jáde.

"Ghaleb, sọ̀ kalẹ̀."

Ghaleb ti de akoto mọ́rí, ó ti so bẹ́líìtì. "Kí ló dé?"

"Sháfùtì òsì ń yọ. Òrùka rẹ̀ kò dì í mú."

Ghaleb gbé ojú wo òkè. "Ó máa gbé mi dé ibo?"

"Mi ò mọ̀. Kọ́nà kejì. Kọ́nà kẹsàn-án. Ó lè gbé ọ dé òkè. Ṣùgbọ́n bó bá yọ ní kọ́nà, òróró á dà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ní kẹsàn-án, kò sí ògiri. Àfonífojì ni."

"Ẹ ní ó lè gbé mi dé òkè."

"Ghaleb."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, Abu Jarrah. Mi ò wá gba ife ẹ̀yẹ mọ́. Màá wà á bí ẹni gbé ẹyin. Màá rọra gùn ún, kí àwọn arúgbó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lára mi, kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọdún tó ń bọ̀. Ẹ ò sọ pé mo gbọ́dọ̀ yára. Ẹ ní kó ṣáà dé òkè. Wisal ni, ẹ gbọ́? Wisal ni."

Òótọ́ ni, ìbúra náà kò sọ nǹkan kan nípa eré. Mithqal kò ronú kan èyí. Fún ìṣẹ́jú kan, ó rí i kedere: ọkọ̀ funfun tó ń fà bí ìgbín, kọ́nà kan, kọ́nà mìíràn, àsíá lókè, kí ó padà sílé rẹ̀ kó bá ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni yóò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, kò sì lè sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Kọ́nà tó há, tí ọkọ̀ ń fẹsọ̀ yí, ibẹ̀ gan-an ni jíà eléyìí ti ń fi gbogbo ipá rẹ̀ bá sháfùtì jà. Wíwà pẹ̀lẹ́ kò ní gba Ghaleb là. Kọ́nà mẹ́rìnlá ló wà lórí òkè yẹn.

Ó na ọwọ́ wọ inú fèrèsé, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Ghaleb di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ fún mi!"

"Rárá."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń kọ̀ ọ́!"

"Mo mọ̀. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀, Ghaleb. Bó bá di alẹ́ òní, arábìnrin rẹ á ṣì ní àbúrò."

Wọ́n jọ di kọ́kọ́rọ́ náà mú síbẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́, omijé ń dà lójú Ghaleb lábẹ́ akoto. Abu Sakhr ti rí wọn láti ìdí ọkọ̀ tirẹ̀, ó sáré wá.

"Kí ló ṣe é?"

"Òrùka òsì," ni Mithqal wí. "Èyí tó ti gbó ni mo dá padà."

Ẹnu Abu Sakhr là. "Mo ní òrùka tó tó ogójì nínú páànù! Ogójì, ìwọ ọkùnrin yìí! O rí páànù náà lánàá. Mo rí ọ níbi tí o ti ń wò ó."

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tí o ò..." Abu Sakhr mọ ìdí rẹ̀. Ó ti jókòó lórí àga rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ó ti dúró kí wọ́n wá bẹ òun, òun náà kò gbé òrùka kan sọdá. Ó jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ọlọ́run má ṣe bi wá lórí èyí," ló wí.

"Mẹ́tàdínlógún!" ni gbohùngbohùn kígbe. "Mẹ́tàdínlógún, sí ibi ìbẹ̀rẹ̀!" Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Mithqal fún kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí eyín kọ́kọ́rọ́ fi wọ ẹran ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ohùn náà ní, "Méjìdínlógún."

Ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ bá Wisal. Wisal ti dìde kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ghaleb ńkọ́?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Mi ò jẹ́ kó gùn ún."

Wisal pa ojú dé. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ló wí, èémí rẹ̀ sì jáde. Nígbà tó la ojú, ó wo Mithqal, ó sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ó fa ìbòrí rẹ̀ síwájú, bí obìnrin ti ń ṣe níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ bọ́ sáàárín wọn.

"Ọmọ mi, má wọ ilé náà," ni bàbá sọ fún Mithqal. Kò pariwo. "O ò gbọ́dọ̀ wọlé bá a títí àwọn tó mọ̀wé ẹ̀sìn yóò fi sọ̀rọ̀."

Alẹ́ méjì ni Mithqal fi sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará òpópónà ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ níwájú mùfútì, àáfà tó ń dájọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Sọ fún mùfútì pé ìbínú gba ojú rẹ," ni ọ̀kan wí. "Sọ pé o ò ní in lọ́kàn," ni Abu Sakhr wí. "Ṣáà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, wọ́n á sì tú ọ sílẹ̀." Mithqal ń gbọ́ wọn, kò sì ṣèlérí nǹkan kan. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan láìrò ó, kò tún fẹ́ sọ òmíràn nítorí pé ó rọrùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n jókòó níwájú mùfútì, òun ní àga kan, Wisal ní èkejì, àyè àga kan ṣófo láàárín wọn. Ọkùnrin tó ti dàgbà ni mùfútì náà, iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán sì ni kí ó máa tú irú ẹnu bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Ó ní kí Mithqal tún ìbúra náà sọ bó ti sọ ọ́ gan-an. Mithqal tún un sọ. Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ṣé ìjà wà láàárín ìwọ àti ìyàwó rẹ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, Àáfà."

"Gbọ́ mi dáadáa. Nígbà tí o sọ ọ́, ṣé o fẹ́ kí obìnrin yìí jáde nílé rẹ ní tòótọ́, bí ọkọ̀ náà kò bá gun òkè? Àbí o kàn fẹ́ fi dí àwọn ènìyàn lẹ́nu? Má dáhùn kíákíá. Ọlọ́run gbọ́ ọ níbẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ níbí."

Mithqal padà sí Ọjọ́rú náà nínú ọkàn rẹ̀, ó ń wá Wisal níbẹ̀. Ó rí ife tíì. Ó rí sípánà, ó rí eyín Abu Sakhr, ó gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin mẹ́fà. Ó wá gbogbo igun. Akọ̀wé gbé ojú sókè wò ó.

"Àáfà, kò sí níbẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Mi ò fẹ́ kó jáde. Mi ò sì fẹ́ kó dúró. Mi ò rántí rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù tí ẹnu mi bá pàdé ni mo jù lù wọ́n."

Mùfútì mi orí. Ó sọ̀rọ̀ sí akọ̀wé fún ìgbà díẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé.

"Ìkọ̀sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, nítorí o kò ní in lọ́kàn. Ìbúra ni, ó já, wàá sì san ìtánràn ìbúra: bọ́ tálákà mẹ́wàá. Obìnrin yìí ṣì ni ìyàwó rẹ. Ọ̀kan ṣì kù láàárín yín, má tún fi ṣeré mọ́."

Èémí tí Mithqal ti dì sí àyà láti Jímọ̀ jáde. Ó yí sí Wisal, ó ń retí kí òun rí i tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wisal ń wo ìwé tó wà níwájú akọ̀wé. "Ẹ ṣeun, Àáfà," ló wí, ó dìde, ó jáde.

Orí àtẹ̀gùn ni Mithqal ti bá a.

"O gbọ́ ohun tó wí. Ìyàwó mi ṣì ni ọ́."

"Mo gbọ́ ohun tó wí. Mo sì gbọ́ ohun tí ìwọ náà wí."

"Òtítọ́ ni mo sọ, Wisal. Bí mo bá purọ́ níbẹ̀..."

"Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni." Ó dúró. "Ẹ̀ẹ̀mejì tí o kọ̀ mí, ojú mi ni o ń wò. Inú ń bí ọ, inú sì ń bí èmi náà. Mo mọ ohun tí mo ṣe, mo mọ ohun tí o ṣe. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo ṣe ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò sùn. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti ọdún yìí, oúnjẹ, ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ. Àṣé mi ò tilẹ̀ sí níbẹ̀."

"Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ghaleb. Mo mọ ohun tó máa ná mi, mo sì yọ ọ́."

"O yọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa bá ọ sọ̀rọ̀."

Wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Wisal ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Mithqal di ilẹ̀kùn iwájú mú, kò mọ̀ bóyá kí ó tì í tàbí kí ó fi sílẹ̀.

"Ilé bàbá mi ni kí o gbé mi lọ," ni Wisal wí. "Àwọn ọmọ á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀. Bí o bá fẹ́ kí n padà, mú àwọn àgbà wá, bí wọ́n ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ àwọn tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ ìbúra. Kí o sì sọ níwájú wọn, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ, ohun tí o sọ níwájú mùfútì. Má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Wọ́n á fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí mo fi kú."

"Ó ṣeé ṣe."

Mithqal ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó yí lọ sí apá tirẹ̀, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì tún dígí sí ibi tí yóò ti máa rí ojú rẹ̀.

"Mẹ́fà ni màá mú wá," ló wí. "Pẹ̀lú Abu Sakhr, wọ́n á di méje."

"Mo ń gbọ́," ni Wisal wí.

Mithqal ki ọkọ̀ sí jíà.